Ohun gbogbo ló ní ọjọ́ ọjà tiẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa n'Íkòròdú nìyí. Àwọn tí ò ráàyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn, mo sì ti gbìyànjú láti kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, àfi àwọn ibi tí èèyàn ti já lu ọ̀rọ̀ mi tí mi ò rántí dáadáa mọ́.)

Bàbá Alága, ẹ kú ìjókòó sà. Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ kú ìjókòó mà. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà lórí ìdúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún torí àga ò tó, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tòògbé náà, mo kí yín o, mi ò ní bínú, torí ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí Bàbá Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè máa ṣiṣẹ́ oṣù, kó máa ṣiṣẹ́ ilé, kó máa ṣe ẹkisasáìsì, kó tún máa kàwé, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà tí agara ti dá a, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ bú sí. Mo ní sà, ṣé èmi ló yẹ kó sọ ọ́? Èmi tí mo gbàgbé ẹ̀wà sórí iná lọ́jọ́sí tí gbogbo àdúgbò ń béèrè pé kí ló ń jóná? Wọ́n ní ìwọ gan-an ni, ṣebí ìwọ lo máa ń yọ ìwé jáde nínú báàgì tá a bá ti ń retí akápò. Ó dáa náà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ara mi, torí iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe, oníṣẹ́ àkáǹtì ò sì lè sọ̀rọ̀ kó má ka nǹkan.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo mú ìwé kékeré kan, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń kọ gbèsè, mo ní lọ́sẹ̀ yìí, gbogbo wákàtí mi pátá ni màá kọ sílẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ti olówó ò jù bẹ́ẹ̀, ti tálákà ò dín. Aago 5 ìdájí ni mo máa ń kúrò nílé, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé tó bá fi di aago 5 ààbọ̀ ní Ìkòròdú yìí, Mile 12 ti dí nìyẹn, mo wọ bọ́ọ̀sì BRT, ó di Kétu, ó di Ọ̀jọ́ta, ó di Maryland, ó di Fadéyí, ká tó balẹ̀ sí CMS aago 7 ti lù. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ la máa ń jáde, ká tó to ìlà, ká tó rí bọ́ọ̀sì, ká tó jìjàdù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, aago 8 alẹ́ ni mo máa ń wọlé. Wákàtí 5 lójúmọ́ lójú títì nìyẹn, 25 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ fúnra ẹ̀, 9 lójúmọ́, 45. Oorun, wákàtí 5 àti ààbọ̀ láti Mọ́ńdè sí Fúráìdé, tó bá wá di Sátidé àti Sọ́ńdè ó lè tó 7 àti ààbọ̀, àpapọ̀ ẹ̀ 42 àti ààbọ̀. Iṣẹ́ ilé, mo ro ó, mo tún un rò, torí mi ò gbà á gbọ́: wákàtí 31. Ìdáná ńkọ́, abọ́ fífọ̀, aṣọ fífọ̀, omi pípọn, ọjà níná, àti èyí tí ẹnì kankan kì í kà sí iṣẹ́, ìyẹn ká máa gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ ká tún gbé e kaná lálẹ́ torí NEPA ò múná wá, kó má lọ kan. Ṣọ́ọ̀ṣì àti òde, wákàtí 9. Fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wò mí, fóònù náà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí mo wọ sẹ́tínsì ẹ̀: wákàtí 10 àti ààbọ̀.

Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ó ku wákàtí 5 tí mi ò mọ ibi tó wọlé sí. Mo wá a bí ẹní ń wá owó tó sọnù nínú lẹ́jà. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i: láàárín aago 7 tí mo máa ń dé ọ́fíìsì sí aago 8 tí iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣe ni mo máa ń gbórí lé tábìlì tí màá sùn, èmi àti gbogbo ará Ìkòròdú, ará Ṣàngó Ọ̀tà, ará Mọ̀wé tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì wọ ọ́fíìsì wa ní aago 7 ààbọ̀ àárọ̀, ẹ máa rò pé wọ́n fún wa ní nǹkan mu ni.

Bàbá kan wà láyé àtijọ́, Robert Owen lorúkọ ẹ̀, ọmọ Wales ni, ilé iṣẹ́ òwú ló ní. Ní 1817 ló ti ń pariwo pé kí òṣìṣẹ́ fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́, kó fi 8 ṣe fàájì, kó fi 8 sinmi. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó rìn jìnnà, 1919 ni ILO, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ṣe àdéhùn wọn àkọ́kọ́ pátápátá, òun náà ló sọ pé kí iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ má ju wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ lọ. Mo kí wọn, wọ́n ṣeun, ká ní wọn ò jà fún un ni, ibi iṣẹ́ ni à bá máa sùn. Àmọ́ ẹ bá mi wò ó, nínú 8 mẹ́ta yìí, ibo ni ọbẹ̀ wà? Ta ló fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ yẹn wọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Mile 12 ńkọ́, abẹ́ èwo ló bọ́ sí? (Ìyá Ẹgbẹ́ dáhùn pé, "Abẹ́ fàájì." Ilé rọ́ gììrì.) Ẹni tí ẹlòmíì ń bá se oúnjẹ ni ìṣirò yẹn bá lára mu, èmi ò tíì rí ibi tí màá wọ̀ ọ́ sí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí mo rí ìṣirò tèmi, táímù-tébù ni mo yà. Mo fi rúlà fà á o, mo fi bírò pupa kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Aago 4 ìdájí, ẹkisasáìsì ọgbọ̀n mínítì. Aago 9 alẹ́, ìwé kíkà, ojú ìwé 20. Aṣọ fífọ̀ lójoojúmọ́ kó má bàa jọ. Ojoojúmọ́ ojoojúmọ́ ṣáá ni gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin tí mò ń fò sókè sódò ní pálọ̀ laago 4, ará fláàtì ìsàlẹ̀ wa gbé àdá, ó wá kanlẹ̀kùn, ó lóun rò pé olè ń jà wá ni. Lọ́jọ́ kẹfà mo ti ń ka ojú ìwé kan náà fún alẹ́ kẹta, mi ò sì lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, dírẹ́bà BRT ló jí mi ní gáréèjì, bọ́ọ̀sì ti ṣófo, ẹsẹ̀ bàtà mi kan ti wọ abẹ́ àga lọ, dírẹ́bà ní "Màdáámù, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Mo jókòó síbẹ̀ díẹ̀, mo ń wá bàtà, omi sì ń bọ́ lójú mi, ẹ dákun ẹ má rẹ́rìn-ín. Àárẹ̀ yẹn ò dùn mí tó bí mo ṣe ń ka ara mi sí aláìlákòóso tí ò lè mú àdéhùn kékeré ṣẹ.

Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti rántí Màmá Ìṣẹ́yìn.

Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Aṣọ òfì ni wọ́n ń tà, Ìṣẹ́yìn sì ni wọ́n ti ń hun ún, ẹ̀yin náà mọ Ìṣẹ́yìn mọ́ aṣọ òfì, àmọ́ ọjà Òjé n'Íbàdàn ni Màmá máa ń kó tiwọn lọ. Ọjà aṣọ Òjé yẹn kì í ṣe ojoojúmọ́. Ọjọ́ 16 síra wọn ló máa ń ná, àwa Yorùbá á pè é ní 17 torí a máa ń ka ọjọ́ tá a wà mọ́ ọn, bá a ṣe ń pe ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní ọrọọrún, torí ọ̀sẹ̀ tiwa gan-an, ọjọ́ mẹ́rin ni kí ọlọ́jọ́ méje tó wọlé dé. Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu Màmá, lọ́jọ́ tọ́jà ò ná, kí wọ́n ní, "Háà, mi ò lọ sọ́jà lónìí, mo mà ti ya ọ̀lẹ o." Rárá. Lọ́jọ́ tọ́jà ò ná, wọ́n á lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó jẹ wọ́n, wọ́n á lọ wo àwọn ahunṣọ, wọ́n á dirun, wọ́n á sùn lọ́sàn-án kí wọ́n tún hanrun. Àmọ́ tó bá ti ku ọ̀la, ẹ ò lè bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìkómọ tàbí ìsìnkú kankan, ẹrù ti dì, owó ọkọ̀ ti wà létí ìró, àwa ọmọdé ti mọ̀ pé ká má ṣàìsàn lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí mo wá sọ fún yín lónìí ò ju ìyẹn lọ. Àṣìṣe tá à ń ṣe ni pé a fẹ́ ná gbogbo ọjà lójoojúmọ́. A fẹ́ ṣe ìyàwó rere lójoojúmọ́, ká ṣe òṣìṣẹ́ rere lójoojúmọ́, ká dín sísanra kù lójoojúmọ́, ká lajú lójoojúmọ́, tá a bá wá pàdánù ọjọ́ kan, a ti bínú fọ́n gbogbo ọjà ká nìyẹn. Ẹ fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ọjà tiẹ̀. Lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀, kó má da yín láàmú. Lọ́jọ́ tó bá sì jẹ́ ọjọ́ ẹ̀, kí ohun míì má dí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹkisasáìsì, torí òun ni irọ́ pọ̀ níbẹ̀ jù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wà tí wọ́n máa ń gbé e sórí stétọ́ọ̀sì WhatsApp ní gbogbo alẹ́ pé àwọn ti rin ìgbésẹ̀ 10,000. Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ mọ ibi tí 10,000 yẹn ti wá? Ní Jàpáàn, ní 1965, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe Olympics ní Tokyo, ilé iṣẹ́ kan ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí láti fi ka ìgbésẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní manpo-kei, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka ìgbésẹ̀ ẹgbàárùn-ún. Orúkọ ọjà ni o, bí ẹni ń polówó ọṣẹ. Kì í ṣe pé dókítà kankan ló kọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ohun tí àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, ń sọ ni pé kí àgbàlagbà máa fi mínítì 150 sí 300 mira dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan o! Àwọn gan-an ò kà á lójúmọ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé kó tó mínítì 10 lẹ́ẹ̀kan kó tó wọnú ìṣirò, àmọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò, díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣe, ó ti wọlé.

Nígbà tí mo gbọ́ 150 yẹn, mo ní ṣé gbogbo pákáleke aago mẹ́rin ìdájí nìyí. Túsìdé àti Tọ́sìdé lọjọ́ ọjà ẹsẹ̀ mi báyìí. Tí mo bá sọ̀ ní gáréèjì, mi ò ní gun ọ̀kadà wọ àdúgbò, èmi àti aládùúgbò mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àyílàńdì la jọ ń rìn ín gba ojú títì ńlá tí iná wà, mínítì 35, a ó máa sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ àti ọ̀gá mi bọ̀. Ìyẹn 70. Tó bá di Sátidé, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sọ́jà, 40 lálọ, 40 lábọ̀. Ẹ rò ó pọ̀, 150 pé géérégé, mi ò sì ra bàtà kankan, owó ọ̀kadà gan-an ti ń kù lọ́wọ́ mi. Ìdájí kọ́ o, ẹ̀yin obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan tàn yín pé kẹ́ ẹ máa dá sáré nínú òkùnkùn aago 4 torí ẹ fẹ́ fẹ́lẹ́.

WHO tún ní kí èèyàn máa ṣe ohun tó ń mú iṣan le, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. (Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún ní jíìmù lòun máa ń lọ.) Ó dáa, àbúrò mi, máa lọ, mo rí apá ẹ. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ẹ́, nílé yín, ta ló ń pọn omi? (Kò dáhùn.) Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tá a fi ń pọnmi níbi bọ́hòòlù, kílò 25 ni nígbà tó bá kún, ká má tíì ka kẹ́ẹ̀gì fúnra ẹ̀. Ò ń sanwó láti lọ gbé irin, màmá ẹ sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì nílé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin méjèèjì ò jọ ń gbé ilé kan náà ni? Ẹ fi orúnkún tẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e o, ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e, tó bá sì ṣeé ṣe, ẹ bù ú sí kékeré méjì kí ọwọ́ méjèèjì jọ rù ú. Èmi ò ní sọ fún ẹni tẹ́yìn ń dùn pé kó gbé kẹ́ẹ̀gì torí pé WHO ní kí iṣan le.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló kàn. Sátidé lọjọ́ ọjà ọbẹ̀. Mo ti gbìyànjú pé kí n máa se é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò gbè mí. Ọ̀bọ ni mo máa ń dà lálẹ́ Wẹ́sìdé. Ata rodo, tàtàṣé, tòmátò, àlùbọ́sà, mo lọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, mo sè é kí omi ẹ̀ gbẹ kanlẹ̀, mo wá fi òróró dín in títí tí òróró fi yọ sókè, torí ata tí omi wà nínú ẹ̀ ló máa ń kan kíákíá. Mo pín in sí ike kéékèèké méje sínú fírísà, kí n má bàa máa yọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ike kan, ọjọ́ kan. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, àwọn ike yẹn tó ti dì gbagidi á máa mú ara wọn tutù títí dé ibi tágbára wọn mọ, tá a bá sì rí i pé wọ́n ti fẹ́ yọ́, a tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe èyí, wákàtí 31 iṣẹ́ ilé yẹn ti wálẹ̀ sí bí i 23. Mi ò purọ́, mo tún un kà.

Kì í ṣe ata nìkan ló mú un wálẹ̀ ṣá. Ọkọ mi gba Túsìdé àti Tọ́sìdé. Ọjọ́ tí mo bá fẹsẹ̀ rìn, mi ò kì í dáná, òun ló ń se ẹ̀wà, àwọn ọmọ á din dòdò. A ò jà kó tó gbà, mi ò ní parọ́ fún yín pé mo bá a jà. Ìwé tí mo kọ wákàtí mi sí yẹn ni mo gbé fún un. Ó kà á tán, ó yí i wò lẹ́yìn, ó béèrè pé "Èyí tèmi dà?" Mo ní kó kọ tiẹ̀. Ó kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bá gbé ìwé yẹn pa mọ́, mi ò tíì rí i dòní. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ní òun máa mú ẹ̀wà. Ìyá ọkọ mi wá kí wa lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan, wọ́n bá ọmọ wọn níwájú sítóòfù, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ara mi le, mà, ọjọ́ tiwọn ni lónìí." Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jẹ ẹ̀wà yẹn tán, wọ́n fọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní epo ẹ̀ kéré.

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti ń fojú burúkú wò mí, ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu mi fún àwọn ìyàwó yín náà. Olè tó ń jí ọ̀sẹ̀ wa kó jù, èmi ò rò pé fóònù ni. Òde ni. Òde Sátidé. Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ ti ra aṣọ ẹbí, kẹ́ ẹ ti gbé e fún télọ̀, kẹ́ ẹ ti lọ bá télọ̀ jà lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá jí ní Sátidé lọ so gèlè, kẹ́ ẹ jókòó sí họ́ọ̀lù láti aago 1 títí di aago 7 torí ọ̀gbẹ́ni olórin ò tíì dé, kẹ́ ẹ gbé ike àti táwẹ̀lì méjì wálé. Tí Sátidé bá ti lọ báyìí, ọbẹ̀ ò ní sè, aṣọ ò ní mọ́, Sọ́ńdè lẹ máa fi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́ńdè á wá bá yín lórí àárẹ̀. Ẹ wá máa sọ pé iṣẹ́ Èkó ló ń pa yín. Mo ti fún òde ní ọjọ́ ọjà: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè mí lóṣù náà ló ni mí, àfi tó bá jẹ́ òkú tàbí ẹbí gangan. Àwọn èèyàn bínú. Ọ̀rẹ́ mi kan ò kí mi fún oṣù méjì torí ayẹyẹ ọdún 40 ọkọ ẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́, ó gba owó o, kò kàn kí mi ni.

Ó wá ku ìwé, tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì fi sẹ́yìn torí ẹ̀yin kan ti ń wo aago.

Wákàtí tí a fi ń sùn lórí tábìlì yẹn, mi ò gbà á tán lọ́wọ́ oorun. Mọ́ńdè, mi ò tan ara mi jẹ, oorun ni mò ń sùn. Túsìdé àti Tọ́sìdé, oorun, torí ẹsẹ̀ ń bẹ níwájú. Wẹ́sìdé àti Fúráìdé lọjọ́ ọjà ìwé, láti aago 7 kọjá mínítì 10 títí di ìgbà tí ọ̀gá wa máa wọlé. Fóònù wà nínú dúrọ́ọ̀. Ìwé mi, bébà ni, mo fi nílọ́ọ̀nù wé e torí òjò, mo mọ̀ pé ìwé wà lórí fóònù, mo ti gbìyànjú ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp máa ń wọlé lé mi lórí bí àlejò tí ò kanlẹ̀kùn, nígbà tí mo bá fi máa padà sídìí ìwé mo ti gbàgbé ẹni tó kú nínú ìtàn. Ojú ìwé 15 ní Wẹ́sìdé, 15 ní Fúráìdé, 20 lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ìyẹn 50 lọ́sẹ̀. Ìwé olójú 200, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lọ́dún, ó yẹ kó jẹ́ 13, èmi ka 9 lọ́dún tó kọjá, torí àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí òjò pa ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí àmì ohùn lé yín sá, bí ẹ bá ka ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ sókè ketekete, ojú á mọ́ ọn, àwọn ọmọ náà á gbọ́ lára ẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká mọ̀ pé ìwé kíkà bí ọjà yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní December 1859, èyí tí wọ́n kọ fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ohun tó jẹ Townsend lógún ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti oko dé, tó ra ẹ̀dà kan ṣoṣo, tí ọjọ́ 14 wà níwájú ẹ̀ láti fi kà á tán. Mo máa ń ronú kàn án pé ó ti ní láti kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó kà á fún ìyàwó, kó kà á fún àbúrò, kó tún yá aládùúgbò. Àwa ń ka nǹkan ọgọ́rùn-ún lójú fóònù lójúmọ́, ọ̀sán á sì ti gbàgbé tàárọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò fún lọ́jọ́ ọjà rárá, kí n jẹ́wọ́ ẹ̀. Mi ò lọ aṣọ ilé mọ́. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, mi ò lọ̀ ọ́. Eruku orí wíndò ilé mi, tẹ́ ẹ bá wá, ẹ lè fìka kọ orúkọ yín síbẹ̀. Ọjọ́rú nìyẹn nílé mi, gbogbo ẹ̀ rú, Ọjọ́ Ẹtì náà, ó ti tì. Mo wò ó pé nínú ọ̀sẹ̀ tí agara bá dáni, nǹkan kan á bàjẹ́ dandan, tí mi ò bá yan èyí tó máa bàjẹ́, ara mi ló máa yan ara ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ara yẹn, kí n tó jókòó. Àwọn dókítà ní kí àgbàlagbà sùn tó wákàtí 7, tèmi ti kúrò ní 5 àti ààbọ̀, ó ti súnmọ́ 6 àti ààbọ̀ báyìí láàárín ọ̀sẹ̀, torí pé ìdáná alẹ́ ti dín kù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti sinmi, tẹ́ ẹ ti sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, tó ṣì ń rẹ̀ yín bí ẹni gúnyán, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ táímù-tébù, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wo ìfúnpá yín, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín àti ṣúgà wò. Ẹ má máa fi ọtí agbo dáhùn gbogbo ẹ̀.

(Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè nawọ́. Bàbá kan béèrè bóyá bọ́ọ̀lù wíwò wà lára ẹkisasáìsì, mo ní àfi tí wọ́n bá ń sáré yí tẹlifíṣọ̀n ká. Ọmọbìnrin kan ní òun ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, kò sí ọjọ́ tó dúró lójú kan fún òun, ìyẹn gan-an ni mi ò rí dáhùn dáadáa, mo ní kó ka ìsinmi tiẹ̀ sí ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́, kó wá to ìyókù yí i ká, ó ní òun á gbìyànjú, mo rí i lójú ẹ̀ pé kò tíì dá a lójú. Ìyá Ẹgbẹ́ ló nawọ́ gbẹ̀yìn.)

Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Ọmọ mi, o ti sọ ti ọbẹ̀, o ti sọ ti ẹsẹ̀, o ti sọ ti ìwé. Ìgbà wo lọjọ́ ọjà tìẹ gan-an? Èyí tó ò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀?"

Mo ní, mà, ó wà. Ọjọ́ Sọ́ńdè, láti aago 2 sí aago 4 ọ̀sán. Màá ti jẹun, màá ka ojú ìwé 20 mi tàbí kí n má kà á, màá tilẹ̀kùn yàrá, màá pa fóònù, àwọn ọmọ mọ̀ pé àfi tí ilé bá ń jó ni kí wọ́n kanlẹ̀kùn. Wọ́n sì máa ń pa á mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì jí mi láti bí oṣù mẹ́ta, ìyẹn ni Sọ́ńdè tó kọjá lọ yìí, ní aago 3 kọjá díẹ̀, wọ́n ní Bàbá Alága wà ní pálọ̀, wọ́n ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìsinmi.